ṢÉ ÌRÌN NI A FI Ń MỌ ILÉ ẸNI?



 Olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ nǹkan nípa sánmà fún yín, nítorí ó mọ̀ pé a fẹ́ràn láti máa wòkè lálẹ́. A gbà fún un. Ṣùgbọ́n kí a tó gbójú sókè, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ níhìn-ín tí a fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí òun gan-an ló jẹ́ kí a mú gègé.

Ní ìpàdé wa kan ní Èjìgbò, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, a fẹ́ yan akápò tuntun. Wọ́n dárúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti Abidjan dé ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀yin ará Èjìgbò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Ó ti pẹ́ tí àwọn bàbá wa ti ń lọ ṣòwò ní Kódífuà, láti ìgbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣe ìjọba ibẹ̀. Wọ́n bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ náà tún bímọ, títí ó fi di pé bí ẹ bá gbọ́ tí ènìyàn méjì ń fi Faransé nájà ní ọjà wa, kò sí ẹni tí yóò yíjú wò wọ́n. Mọ́tò ń gbéra ní ìlú wa, á gba Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá, ó di Abidjan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí à ń wí yìí gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ wúwo. Bí inú bá bí i, Faransé ló máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò mọ oríkì. Bí ó bá ń kí àgbà, ńṣe ló dà bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìde, ó ní: "Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹni tí kò rìn bí a ṣe ń rìn, a ò mọ ibi tó ti wá. Owó ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń kó lé àjèjì lọ́wọ́." Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ wọn jókòó síbẹ̀, a kò sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ṣì ń dùn wá.

Ṣé a lè wo bí nǹkan ṣe ń rìn kí a sì fi mọ ibi tó ti wá? Bí ó bá ṣeé ṣe, irú nǹkan wo ló ṣeé ṣe fún? Nígbà tí a délé lálẹ́ ọjọ́ náà ni a rántí pé ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti ń bá yí láti ọdún gbọ́nhan, lórí gáàsì kan tó wà nínú àwọn agbo ìràwọ̀ tó jìnnà réré. Ẹ bá wa kálọ síbẹ̀ ná. A ó padà wá sí ìpàdé wa.

Ní nǹkan bí oṣù kẹta ọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá ti ká nílẹ̀ tí òjò kò sì tíì gbilẹ̀, ẹ jáde ṣáájú ìrun Àsùbáà, kí ẹ rìn kúrò láàárín ìlú díẹ̀, sí ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn fún àpẹẹrẹ. Bí iná mànàmáná bá ti lọ (èyí tí kò ṣọ̀wọ́n), ó tún dára sí i. Ẹ ó rí ọ̀nà funfun kan tó là sánmà já. Al-majarra ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Ìràwọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ó lé ní ọgọ́rùn-ún bílíọ̀nù, oòrùn wa sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Irú àpapọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn Òyìnbó ń pè ní galaxy. Àwa yóò máa pè é ní agbo ìràwọ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Àwọn agbo mìíràn sì wà lẹ́yìn tiwa, wọ́n pọ̀ lọ súà. Abd al-Rahman al-Sufi, onímọ̀ Mùsùlùmí ará Páṣíà, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 964 pé kùrukùru kékeré kan wà ní apá ibi tí a ń pè ní Andromeda lónìí. Agbo ìràwọ̀ mìíràn ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun èlò tó lè fi mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ó ní kùrukùru ni, ó sì dúró síbẹ̀.

Ní 1926, Edwin Hubble ará Amẹ́ríkà pín àwọn agbo ìràwọ̀ sí oríṣiríṣi. Àwọn kan ká bí ìkarahun ìgbín; gáàsì àti eruku kún inú wọn, ìràwọ̀ tuntun sì ń jáde nínú wọn. Àwọn mìíràn rí roboto tàbí kí wọ́n gùn díẹ̀ bí ẹyin. Àwọn yìí ni a ó máa pè ní agbo aríbíẹyin. Ìràwọ̀ inú wọn kò tò yí ká bí ẹni ń ṣe tàwáàfù. Ńṣe ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ sókè sódò, bí èsúnsún ṣe ń ṣe lábẹ́ iná ní alẹ́ òjò. Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí gbogbo ènìyàn gbà ni pé agbo aríbíẹyin dà bí ilé arúgbó tí ọmọdé ti tán níbẹ̀. Ìràwọ̀ rẹ̀ ti gbó, gáàsì rẹ̀ ti tán, kò sí ohun tuntun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wò ó dáadáa, wọ́n bá gáàsì níbẹ̀. Ní 1986, Mark Phillips àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì àyẹ̀wò jáde lórí agbo 203, àwọn aríbíẹyin àti àwọn ìbátan wọn tó fẹ̀ pẹlẹbẹ. Ó ju ìdajì wọn lọ tó ní gáàsì tó ń tàn nínú.

Irú gáàsì wo nìyí? Átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ní kóró kan láàárín, àwọn ẹ̀lẹ́ktrọ́ọ̀nù sì yí kóró náà ká bí aṣọ. Bí ìtànṣán tó le bá bà á, tàbí tí ooru ńlá bá mú un, aṣọ kan tàbí méjì yóò bọ́ kúrò lára rẹ̀. Gáàsì tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ ti bọ́ aṣọ báyìí ni à ń sọ. Ẹ má rò pé ohun àràmàǹdà ni o. Inú iná onígíláàsì gígùn tó máa ń tàn funfun nínú mọ́sálásí, irú gáàsì bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ti inú agbo aríbíẹyin yìí gbóná tó nǹkan bí 10,000 ìdíwọ̀n ooru, ó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ ní àwọ̀ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yìí ní ìtàn kan tí a kò lè fò dá. Ní 1864, William Huggins ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo kùrukùru kan lójú sánmà, ó sì rí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé kan tí kò bá ti ohunkóhun mu nínú ohun tí wọ́n mọ̀ láyé. Wọ́n ní ohun àjèjì kan ni, wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n pè é ní nebulium. Ó di 1927 kí Ira Bowen ará Amẹ́ríkà tó ṣàlàyé pé ọ́síjìn ni, ọ́síjìn tó bọ́ aṣọ méjì. Ohun tí gbogbo wa ń mí símú! Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n fi ń pe ará ilé ní àjèjì, nítorí pé kò wọ aṣọ tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀kan nínú yín ti bi wá rí bóyá gáàsì yìí ni èéfín tí Suuratu Fussilat mẹ́nu bà nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ìṣẹ̀dá sánmà. Ìdáhùn wa ni pé a kì í sáré so ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ lè yí padà lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ẹnìkan bá ti so ó mọ́ nebulium ní 1900, kí ni ì bá sọ ní 1927? Ẹ jẹ́ kí kálukú dúró ní àyè rẹ̀.

Ó wá ku ibi tí gáàsì náà ti wá. Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ rí.

Àwọn kan ní ọmọ bíbí inú ilé ni. Ìràwọ̀ tó ti gbó a máa já awọ ara rẹ̀ dànù bí ọ̀pẹ ṣe ń já imọ̀ gbígbẹ. Oòrùn wa náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Nínú agbo tí ìràwọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ohun tó ń já bọ́ báyìí kò lè kéré. Apá kan nínú rẹ̀ ń gbóná dé mílíọ̀nù mẹ́wàá ìdíwọ̀n ooru. Sátẹ́láìtì Einstein, tí wọ́n ta sókè ní 1978, ló jẹ́ kí a rí ìtànṣán rẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ arúgbó kan náà, nígbà tí awọ wọn bá ti bọ́ tán tí inú wọn gbígbóná hàn síta, ni wọ́n sì tún ń bọ́ aṣọ lára gáàsì náà. Àwọn mìíràn ní rárá o, àlejò ni gáàsì yìí. Agbo kékeré kan ló kọjá nítòsí, agbo ńlá fà á mọ́ra, ó gbé e mì, gáàsì rẹ̀ ló ṣẹ́kù sínú.

Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló kù, òun náà ni ìrìn gáàsì ọ̀hún.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìrìn rẹ̀ láti ibi tó jìnnà bẹ́ẹ̀? Ẹ dúró létí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ kí ọkọ̀ akẹ́rù kan máa fọn fèrè bọ̀. Bí ó ti ń bọ̀, ohùn fèrè yóò ga. Bó bá ti kọjá lára yín, ohùn náà yóò rẹlẹ̀. Awakọ̀ kò yí fèrè padà, ìrìn ọkọ̀ ló yí i. Ìmọ́lẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí gáàsì bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, àwọ̀ rẹ̀ á sún díẹ̀ sí búlúù; bó bá ń lọ, á sún sí pupa. Nítorí náà, bí wọ́n bá wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì agbo kan, wọ́n á mọ ọ̀nà tí gáàsì ibẹ̀ ń yí sí. Wọ́n á tún wo ìràwọ̀ rẹ̀ lọ́nà kan náà, wọ́n á wá fi méjèèjì wéra.

Kí ló dé tí ìrìn fi lè jẹ́ ẹ̀rí? Gbogbo wa la ta òkòtó nígbà tí a wà lọ́mọdé. Òkòtó tí ẹ bá ta sí ọwọ́ ọ̀tún kò lè ṣàdédé yí padà sí ọwọ́ òsì. Ọ̀nà tí ẹ ta á sí náà ni yóò máa lọ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, àfi bí ohun mìíràn bá gbá a. Gáàsì tó já bọ́ lára ìràwọ̀ yóò máa bá ìrìn ìràwọ̀ náà lọ, nítorí ara rẹ̀ ló ti jáde. Bí wọ́n bá wá rí gáàsì tó ń yí sí òdìkejì ọ̀nà tí ìràwọ̀ ń yí sí, wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ mìíràn ló ta òkòtó yìí.

Wọ́n sì ti rí i. Ní ìhà gúúsù sánmà wa, agbo aríbíẹyin kan wà tí wọ́n ń pè ní Centaurus A, tí awò olójú méjì lè fi hàn yín láti Èjìgbò bí ojú ọ̀run bá mọ́. James Dunlop ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ní Australia, ní 1826. Ó jìnnà sí wa tó nǹkan bí mílíọ̀nù méjìlá ọdún-ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí lára rẹ̀ ti wà lójú ọ̀nà láti nǹkan bí mílíọ̀nù méjìlá ọdún. Ìgbànú dúdú kan tí ó jẹ́ gáàsì àti eruku là á láàárín, kò sì bá ìyókù ara rẹ̀ mu rárá, bí ẹni tó wé gèlè mọ́ ìbàdí. Walter Baade àti Rudolph Minkowski sọ ní 1954 pé agbo méjì ló kọ lu ara wọn níbẹ̀. Lónìí, ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé ìgbànú yẹn jẹ́ ìyókù agbo kékeré tí agbo ńlá gbé mì. Ní 1987 ẹ̀wẹ̀, Giuseppe Galletta fi hàn pé nínú NGC 4546, tí í ṣe ìbátan àwọn aríbíẹyin, ńṣe ni gáàsì ń yí lọ sí iwájú bí ìràwọ̀ ṣe ń yí bọ̀ wá sí ẹ̀yìn.

Àyẹ̀wò tó wù wá jù ni èyí tí wọ́n ṣe ní erékùṣù La Palma, nínú òkun tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Mòrókò. Ohun èlò kan tó ń jẹ́ SAURON ni wọ́n fi wo agbo 48, Marc Sarzi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n rí gáàsì tó ń tàn nínú 36. Nínú èyí tó pọ̀ jù, ìrìn gáàsì kò bá ìrìn ìràwọ̀ dọ́gba. Nínú ìdajì wọn, ìyàtọ̀ náà tó èyí tó ń fi hàn pé láti ìta ni gáàsì ti wọlé, kò sì tíì pẹ́. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n da gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n rí i pé bí ó bá jẹ́ pé ìta nìkan ni gbogbo gáàsì ti wá, ìrìn wọn ì bá túká sí gbogbo ọ̀nà ju bí ó ti rí lọ. Nítorí náà, àwọn kan jẹ́ ọmọ ilé, àwọn kan jẹ́ àlejò. Àyẹ̀wò mìíràn tó tóbi ju èyí lọ, lórí agbo 260, fi kún un ní 2011 pé ibi tí agbo ń gbé pàápàá ń dá sí i: nínú ìlú ńlá àwọn agbo tí wọ́n ń pè ní Virgo, gáàsì àti ìràwọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jọ rìn ni, ṣùgbọ́n ní ìgbèríko sánmà, àlejò pọ̀.

Ẹ wo ibi tí ọgbọ́n wà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Bí gáàsì bá ń rìn ní òdìkejì, ẹ̀rí nìyẹn pé ó ti ìta wá. Bí ó bá ń rìn pẹ̀lú ìràwọ̀ ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé inú ilé ni wọ́n bí i sí. Ó lè jẹ́ ọmọ ilé. Ó sì lè jẹ́ àlejò tó bá ọ̀nà ìrìn wọn wọlé. Ó sì tún lè jẹ́ àlejò tó ti pẹ́, tí agbo ti ń fà díẹ̀díẹ̀ títí ìrìn rẹ̀ fi bá tiwọn mu, nítorí agbo tí kò rí roboto dáadáa a máa fa gáàsì wá sí ọ̀nà tirẹ̀ bí ìgbà ti ń lọ. Ìrìn tó yàtọ̀ lè sọ̀rọ̀. Ìrìn tó jọra kò sọ nǹkan kan tó dájú. Ṣùgbọ́n báwo ni àwa ènìyàn ṣe ń ṣe? Ẹni tó bá ti ń rìn bí wa, a ò tilẹ̀ ní béèrè ibi tó ti wá. A ti sọ ọ́ di ọmọ onílẹ̀ lọ́kàn wa.

Kí ẹ má sì rò pé ẹ̀rí ìrìn kì í ṣì. Kùrukùru gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní Crab. Ìyókù ìràwọ̀ tó bú gbàmù ni. A mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ nítorí àwọn ènìyàn fojú rí i: àwọn ará Ṣáínà kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1054, dókítà kan ará Baghdad tó ń jẹ́ Ibn Butlan náà sì sọ̀rọ̀ ìràwọ̀ tuntun kan ní ọdún 446 Hijira, tó bọ́ sí àkókò yẹn, Ibn Abi Usaybia sì pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ sínú ìwé. Ní 1968, Virginia Trimble wo bí gáàsì Crab ṣe ń fẹ̀ sí i, ó wá ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn láti mọ ìgbà tó kúrò ní ojúkan. Ohun tó rí ni nǹkan bí ọdún 1140. Ìrìn gáàsì fi ọdún tó sún mọ́ 90 ṣì í! Kì í ṣe pé ìṣírò rẹ̀ burú. Ohun kan ló wà nínú Crab tó ń ti gáàsì náà láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, tó jẹ́ kó máa yára ju bí ó ṣe yẹ lọ.

Ọmọ Nàìjíríà kan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí ohun tó ń tì í náà. Samuel Okoye, tó kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ ní Cambridge, tí ó sì wá ń kọ́ni ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka lẹ́yìn náà, òun àti Antony Hewish ni wọ́n kọ ọ́ ní 1965 pé ohun kékeré kan tí kò wọ́pọ̀ wà láàárín Crab tó ń tan ìgbì rédíò líle. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Ó di 1968 kí àwọn mìíràn tó mọ̀ pé òkú ìràwọ̀ tó ń yí bírí-bírí ni.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nínú M87, agbo aríbíẹyin ràgàjì kan nínú ìlú Virgo tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 1994, wọ́n rí gáàsì tó ń yí ní àárín rẹ̀ gan-an, tó ń sáré 550 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Yóò lọ sí Èkó láti Èjìgbò, yóò sì padà dé kí ẹ tó ṣẹ́jú. Wọ́n fi ìrìn rẹ̀ ṣírò ìwúwo ihò dúdú tó ń fà á, wọ́n ní ó tó oòrùn bílíọ̀nù méjì sí mẹ́ta. Àwọn tó fi ìrìn ìràwọ̀ ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà ní ó ju bílíọ̀nù mẹ́fà lọ. Ẹlẹ́rìí méjì, ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba. Nígbà tí wọ́n ya àwòrán ihò náà jáde ní 2019, bílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀ ni. Ìràwọ̀ ló jẹ̀bi díẹ̀ jù. Gáàsì fúyẹ́, ohun púpọ̀ lè tì í sọ́tùn-ún sósì.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka fiqh díẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ qiyaafa, ìyẹn ìmọ̀ fífi àmì ara mọ ìran ènìyàn. Ìtàn rẹ̀ tó lókìkí jù ni ti Zayd àti ọmọ rẹ̀ Usama. Zayd funfun, Usama dúdú, àwọn kan sì ń sọ̀sọkúsọ nípa ìran ọmọ náà. Ní ọjọ́ kan, bàbá àti ọmọ fi aṣọ borí sùn, ẹsẹ̀ wọn nìkan ló yọ síta. Mujazziz ará Mudlij, tí kò mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, wo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì sọ pé ara kan náà ni wọ́n ti wá. Inú Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) dùn sí i gidigidi. Àwọn onímọ̀ Màlíkì àti Ṣáfíì gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní ibi tó yẹ. Àwọn Hánáfì kò gbà á. Àríyànjiyàn tiwọn nìyẹn. Ohun tí àwa ń tọ́ka sí ni pé ẹsẹ̀ ni Mujazziz wò, kì í ṣe ìrìn. Àwọn tó sùn ni wọ́n. Ó wo ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ wọn lára, tí wọn kò lè yí padà. Kò sọ pé òun gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, tàbí bí wọ́n ṣe ń kí àgbà.

Ibí yìí ni ènìyàn àti gáàsì ti pínyà. Gáàsì kò ní ìfẹ́ inú. Kò lè sọ pé "ẹ jẹ́ kí n rìn bí àwọn ará ibí" kí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìrìn rẹ̀ jẹ́ ohun tí a fún un, nítorí náà ni ìrìn rẹ̀ fi lè jẹ́rìí ẹni tó fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rí náà lè ṣì. Ènìyàn ń kọ́ ìrìn ni. Ọmọ tí wọ́n bí sí agbo ilé kan ní Èjìgbò, tí wọ́n pọ̀n lọ sí Abidjan, yóò rìn bí ará Abidjan. Ọmọ tí wọ́n gbé wá láti òkè ọya, tí a wò dàgbà láàárín wa, yóò sọ ẹ̀ka èdè wa ju àwa tí a lọ sí yunifásítì lọ. Nípa ti gáàsì, ìrìn tó yàtọ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Nípa ti ènìyàn, ìrìn tó yàtọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, ìrìn tó jọra náà kì í ṣe ẹ̀rí. Ibi tó gbé kọ́ ìrìn nìkan ni ẹ lè mọ̀.

Nígbà tí a wádìí, a rí i pé ilé tí bàbá bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin ará Abidjan yìí kọ́ ṣì dúró ní ìlú. Sàréè rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé náà. Àwa fúnra wa ti kọjá níwájú rẹ̀ láìmọye ìgbà.

Ọ̀rọ̀ kejì ló wá nira fún wa. A mọ nǹkan kan nípa ẹni tó dìde sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. (A ti yí àwọn àmì kan padà níhìn-ín kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a mọ̀.) Bàbá bàbá rẹ̀ wá sí agbègbè wa gẹ́gẹ́ bí alágbàṣe oko, láti ọ̀nà jíjìn, kò gbọ́ Yorùbá kankan. Wọ́n fún un nílẹ̀, wọ́n fún un níyàwó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa nígbà tí a wà ní ilé-kéú, tó máa ń fún wa ní ẹ̀pà. Kò fi ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n bóyá ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ̀, a kò mọ̀.

Ṣé kí a sọ ọ́ ní ìpàdé? Òótọ́ ni. Ì bá pa á lẹ́nu mọ́ lójú ẹsẹ̀, àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un ì bá sì fi rẹ́rìn-ín. A rò ó fún ọjọ́ mélòó kan, kí a má purọ́, ó wù wá sọ. Ohun tó dá wa dúró ni pé Ànábì wa ka bíbú ìran ènìyàn mọ́ ìwà àìmọ̀kan tí ó ti wà ṣáájú Ìsìláàmù. Kò sọ pé bí ó bá jẹ́ òótọ́ kí a máa bú u. Bí a bá sì sọ ọ́, a ti gba ìdájọ́ rẹ̀ nìyẹn: a ti gbà pé ibi tí ènìyàn ti wá ló ń sọ bóyá ó lè tọ́jú owó. Ẹjọ́ tí a fẹ́ tako ni a ó máa fi ẹnu ara wa gbè. A gbé ọ̀rọ̀ bàbá ẹlẹ́pà mì. Inú wa ló wà.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, a dìde, a ní àwa jẹ̀bi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wa, kí wọ́n forí jì wá. A kò sọ nǹkan kan nípa ìran ẹnikẹ́ni. A kàn béèrè pé: "Iṣẹ́ wo ni akápò ń ṣe?" Wọ́n ní ó ń kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde sílẹ̀. A wá sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé kó jọ̀wọ́ mú ìwé ìṣirò tó lò nígbà tó ń ṣòwò ní Adjamé wá, bí ó bá ṣì wà.

Ó wà. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle ni, igun rẹ̀ ti ya. Faransé ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìíní ló kọ́kọ́ nawọ́ gbà á. Ó ṣí i sórí ẹní, ó fi ìka tọ iye owó láti òkè dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan, ó ṣí òmíràn, ó tún un ṣírò. Gbogbo wa dákẹ́ tí à ń wò ó. Ó pa ìwé dé, ó gbé e padà fún oníǹkan.

Ó ní: "Ó pé."